Aṣọ Tí Mi Ò Fún Bàbá Géètì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí: mi ò fẹ́ràn ọkùnrin náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ó bá ti yọ lórí tẹlifíṣàn báyìí, mo á fajú ro. Gbogbo Kábbà ń pè é ní tiwa. Àwọn ọmọdé ń sín in jẹ, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ń gbàdúrà fún un bí ẹni pé àwọn ló bí i. Èmi nìkan ni mo ń pòṣé nínú àga mi. Àfi ìgbà tí Andrew, ọmọ mi tó wà l'Ábújá, pè mí lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn pé, "Bàbá, ẹ ti gbọ́? Bàbá Géètì ti kú." Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, mo sì bú sẹ́kún, èmi àgbàlagbà. Andrew ṣì ń ké "Bàbá? Bàbá?" nínú fóònù.

Ẹ má bínú, mi ò tíì sọ ẹni tí mo jẹ́. Ọláníran ni orúkọ mi, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Èmi ni mo máa ń ṣí ìkòkò omi yín wò bóyá ẹ̀fọn ti yé sí i, tí ẹ ó sì máa fi ojú burúkú wò mí. Iṣẹ́ yẹn kì í jẹ́ kí èèyàn ní ọ̀rẹ́. Ilé mi wà ní Kábbà níbí, yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ kan, èmi nìkan ni mo ń gbé e. Andrew máa ń ní kí n wá bá òun gbé l'Ábújá. Kí n wá ṣe kí ni níbẹ̀? Kí n máa wo ògiri títí òun àti ìyàwó ẹ̀ á fi ti ibi iṣẹ́ dé? Ògiri wà nílé mi níbí tí mo lè máa wò.

Ọmọ Ayétòrò-Gbẹdẹ ni olóògbé. Babátọ́pẹ́ ni orúkọ tí àwọn òbí ẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀? Nínú eré Ọjọ́bọ̀, tí wọ́n ń ṣe láago méje ìrọ̀lẹ́, òun ló ń ṣọ́ géètì ilé olówó kan, ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Ẹ wò ó, iṣẹ́ ẹ̀ nínú eré náà kò ju kí ó ṣí géètì, kí ó sì tì í lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé náà, ìyàwó ilé o, awakọ̀ o, ọmọ ọ̀dọ̀ o, bí ọ̀rọ̀ bá ti ká wọn lára, ìdí bẹ́ǹṣì ẹ̀ ni wọ́n ń wá. Wọ́n á rò ó fún un. Á gbọ́ ọ títí dé òpin. Kò ní dá wọn lẹ́bi, kò ní dá wọn láre, á kàn sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n lè ráyè jókòó. Mo ti rí òṣèré tó ń pariwo, mo ti rí èyí tó ń ya aṣọ mọ́ra ẹ̀ lọ́rùn, tó ń yí nílẹ̀. Ọkùnrin yìí á kàn sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, omi á sì bọ́ lójú yín nílé yín.

Àti ìkíni yẹn! Ẹni yòówù kó dé ẹnu géètì, ìbáà jẹ́ gómìnà, "Okun o" ni yóò fi kí i. Kì í ṣe ẹ kú ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe báwo ni. Okun, lórí tẹlifíṣàn! Àwa tí àwọn Yorùbá ìsàlẹ̀ ń pè ní ará Òkè-Ọya, tí àwọn ará Òkè-Ọya sì ń pè ní Yorùbá, àwa tí a kì í mọ ibi tí a ó jókòó sí nílé ẹnikẹ́ni, ìkíni wa ni gbogbo ayé ń gbọ́ lálaalẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní òun kò yọ̀ nígbà yẹn, irọ́ ló ń pa. Èmi náà yọ̀. Inú lọ́hùn-ún ni mo ti yọ̀, mi ò jẹ́ kí ó hàn.

Ìyàwó mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ayọ̀ pamọ́ ní tiẹ̀. Lois ni orúkọ ẹ̀, ọmọ Ayewa ní Bùnú. Ọwọ́ ìyá ẹ̀ ló ti kọ́ aṣọ híhun, lórí òfì gíga tí wọ́n gbé ti ògiri, a sì gbé òfì náà wá sí Kábbà nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Bí ó bá ti di aago méje Ọjọ́bọ̀, á fi òfì sílẹ̀, á wá jókòó sínú àga tiẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Bí Bàbá Géètì bá ti ní "Okun o," Lois á dá a lóhùn. Á dá tẹlifíṣàn lóhùn o! Mo á ní, "Ìyá Andrew, kò gbọ́ yín." Á ní, "Ẹ̀yin tó gbọ́ ńkọ́, ṣé ẹ máa ń dáhùn?"

Ó ní òfin kan nípa aṣọ, tí ó gbà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Aṣọ tí a bá dì pa, tí a kò tú wò lọ́dọọdún, òkú ni. Nítorí náà, bí ọyẹ́ bá ti dé, á mú ọjọ́ kan, á lé mi jáde ní àárọ̀ kùtù. "Bàbá Andrew, ẹ lọ wo iṣu yín." Kí n tó délé, á ti kó gbogbo aṣọ inú ilé síta, á ti sá wọn, á ti gbọ̀n wọ́n, á ti pààrọ̀ káńfọ̀ àárín wọn, á ti fi ìwé tuntun tẹ́ inú wọn kí ó tó dì wọ́n padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òórùn káńfọ̀ nìkan ni yóò máa pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo á ráhùn títí ọwọ́ mi á fi wọ inú àwo oúnjẹ.

Lọ́dún 2004, ó hun aṣọ kan. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi hun ún, aláró dúdú, tí ó fi fọ́nrán òwú pupa tẹ́ẹ́rẹ́ là á láàárín. Mo rò pé tèmi ni. Ṣé ẹ rí i, láti ọjọ́ tí a ti gbéyàwó, ẹyọ aṣọ kan ṣoṣo ló hun fún mi, yòókù títà ni. Mo ti ń ro fìlà tí mo máa dé sí i. Mo tilẹ̀ ti ń rìn nínú ilé bí ìjòyè. Ó parí ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, ó ká a, ó fi aṣọ funfun dì í, ó fi okùn òwú so ó, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ti la ẹnu láti dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Andrew, ẹ kò sọ pé iṣẹ́ máa gbé yín dé Ayétòrò lọ́la? Wọ́n ní Bàbá Géètì wá ṣọdún nílé. Ẹ bá mi fún un. Mo fẹ́ rí i lára ẹ̀ nínú tẹlifíṣàn."

Mo pa ẹnu mi dé. Owú jẹ mí, ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́. Èmi ẹni àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ń jowú ẹni tó ń gbé inú àpótí tẹlifíṣàn.

Mo dé Ayétòrò lóòótọ́. Mo tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń bó ọsàn, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé yí i ká, ẹ̀rín ń sọ láàárín wọn. Ó gbé ojú sókè, ó rí èmi nínú kákí iṣẹ́, pẹ̀lú ìdì lábẹ́ apá. Ó ké sí mi pé, "Okun o, wolé-wolé! Omi tiwa mọ́ o, ẹ wá wò ó!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò sí ibi nínú ohun tó sọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo ní, "Ṣé ẹni tí ó máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni ìyàwó mi ń hun aṣọ fún?" Mo ní mo ń kọjá lọ ni. Mo sì kọjá lọ.

Nígbà tí mo délé, Lois ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ẹ fún un?"

"Mo fún un."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ ṣeun."

"Kò tú u wò?"

"Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀."

Ó wò mí díẹ̀, ó ní, "Ó dáa," ó sì lọ rokà. Ìdì náà wà lábẹ́ ìjókòó mọ́tò ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ó lọ sí ọjà, mo gbé e wọlé, mo gbé e sínú àpótí irin baba mi lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì to àwọn fáìlì wolé-wolé lé e lórí. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kan fáìlì wọ̀nyẹn. Mo ní bó bá ṣe díẹ̀, n ó wá ọgbọ́n fún un. Ẹ ò mọ irọ́ ni? Ọjọ́ tí èèyàn bá pa á ló rọrùn jù láti tú u. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá ti kọjá, ó ti di ẹrù.

Láti ìgbà náà, Ọjọ́bọ̀ di ìyà fún mi. Lois á tẹ̀ síwájú nínú àga bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá parí, á fà sẹ́yìn, á ní, "Kò tíì wọ̀ ọ́ o, Bàbá Andrew." Mo á ní, "Bóyá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, lọ́dọọdún. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú rí. Mo sì ń kórìíra ọkùnrin náà sí i, nítorí pé òun ni mo ṣẹ̀. Ẹni tí èèyàn bá ṣẹ̀, ojú ẹ̀ kì í wuni í rí.

Ìgbà tó wá di ọdún 2011, Lois lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ l'Ayétòrò. Ó dé, ó tú gèlè, ó jókòó, kò tíì mu omi. Ó ní, "Mo pàdé Bàbá Géètì lónìí. Mo bi í léèrè aṣọ yẹn." Ó ní, "Ó ní aṣọ náà wà lọ́wọ́ òun. Ó ní òun ń tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ ńlá òun." Lẹ́yìn náà ó tẹjú mọ́ mi. Kò ṣẹ́jú. Mo ní, "Ẹ ò rí i bí?" Mo kọjú sí tẹlifíṣàn, mo yí ohùn ẹ̀ sókè.

Háà, mo bínú lọ́jọ́ yẹn! Mo ní òpùrọ́ ni òṣèré yìí. Ó wo ìyàwó mi lójú, ó gba ọpẹ́ aṣọ tí kò fojú kàn rí! Mi ò sì lè tú àṣírí ẹ̀ láìtú tèmi. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀pá rìn nínú eré, mo ní àṣejù ni, ó fẹ́ kí àwọn obìnrin máa ṣàánú òun ni.

Lois kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2020. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ń hun aṣọ lọ́wọ́ ni, mo gbọ́ tí nǹkan já bọ́, mo ní, "Ìyá Andrew?" Òfì náà ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí kò parí. Andrew ní kí a tú u kúrò, mo ní kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án.

Ẹ ò mọ bí ilé ṣe ń gbòòrò lẹ́yìn òkú. Mo á jí, mo á gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí. Mo á lọ sóko, mo á bọ̀. Bí mo bá kí àwọn tó ń kọjá, wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì kọjá. Lọ́sẹ̀ kan, ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, mo jókòó ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá Géètì ní, "Okun o." Mo ṣàdédé rí i pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kí mi láti ọjọ́ Àìkú. Mo dá a lóhùn. Mo ní, "Okun." Ohùn mi ha, nítorí mi ò tíì lò ó lọ́jọ́ náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dáhùn. Apá kan wà nínú eré náà tí a ti jọ wò nígbà tí Lois wà láyé, tí mo pòṣé sí. Ìyàwó Bàbá Géètì kú lábúlé, ó lọ sin ín, ó padà síbi iṣẹ́. Ọ̀gá ẹ̀ ní, "Ṣé kò sí?" Ó ní, "Kò sí, sà." Ó wá wọ yàrá ẹ̀, ó bu gààrí sínú abọ́ méjì. Ó dúró. Ó gbé abọ́ kejì, ó dà á padà sínú àpò. Ó tán. Kò sunkún, kò gbéra ṣánlẹ̀. Wọ́n tún apá yẹn gbé jáde lọ́dún 2021. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mo ti wọn ìrẹsì kọ́ọ̀pù méjì, tèmi àti ti Lois, lẹ́ẹ̀mejì. Mo dìde, mo lọ dúró ní ẹ̀yìnkùlé fún ìgbà pípẹ́. Ta ló sọ fún ọkùnrin yìí? Báwo ló ṣe mọ̀? Bí mo ṣe wá fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn, nígbà tó ti pẹ́ jù. Ọkùnrin tí mo fi aṣọ ẹ̀ pamọ́ ló wá di ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Andrew ní ó ti kú, tí ó sì ní wọ́n máa sin ín lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ l'Ayétòrò, ohun kan ṣoṣo ló gba ọkàn mi. Ọjọ́ ńlá ẹ̀ nìyí. Bí wọ́n bá pa pósí ẹ̀ dé tí aṣọ Lois kò sí níbẹ̀, irọ́ mi á di irọ́ ayérayé, kò ní sí ibi tí mo lè gbé e sọ̀ mọ́.

Mo gun àga, mo gbé àwọn fáìlì kúrò, mo ṣí àpótí irin. Ìdì náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú okùn òwú. Òórùn káńfọ̀ sọ lù mí. Mo ní aṣọ Lois tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń rùn gòkè wá. Mi ò tú u. Ojú tì mí láti tú u. Mo wọ aṣọ tó dára jù tí mo ní, mo wọ ọkọ̀ Ayétòrò, mo gbé ìdì lé itan bí ọmọ.

Èrò níbẹ̀ kò lóǹkà. Àwọn òṣèré ti wá láti Èkó pẹ̀lú awò dúdú lójú, kámẹ́rà ń tẹ̀lé wọn kiri. Ọmọbìnrin kan na fóònù sí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ bá wa sọ nǹkan kan nípa olóògbé." Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò láti Kábbà fò lọ. Mo ní, "Ó pè mí ní wolé-wolé nígbà kan." Ó ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Ó dúpẹ́, ó lọ bá ẹlòmíràn.

Mo béèrè àkọ́bí olóògbé. Wọ́n júwe Naomi fún mi, obìnrin tí orí ẹ̀ ti ń funfun díẹ̀, òun nìkan ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ẹ̀yìn ilé, ó bọ́ bàtà sílẹ̀.

"Okun o, ọmọ mi. Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

"Okun, Bàbá. Ẹ ṣeun." Ó sì sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Kò mọ ohun tó ṣe. Mo jókòó síbẹ̀, mo sì ro gbogbo ẹ̀ fún un, láti orí òfì títí dé àpótí irin. Mo sọ ti owú. Mo sọ ti igi máńgòrò. Kò dá mi lẹ́bi, kò dá mi láre. Ìgbà tí mo sọ ọ́ dé ibi tí bàbá ẹ̀ ti purọ́ fún ìyàwó mi pé aṣọ wà lọ́wọ́ òun ni ó tó gbé orí sókè.

"Ọdún wo lẹ ní wọ́n pàdé, Bàbá?"

"2011. Oṣù kọkànlá. Ayétòrò níbí náà ni."

Ó mi orí. "Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọdún yẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi. Ọ̀dọ̀ mi n'Ílọrin ló wà láti oṣù kejì títí ọdún fi parí, kò sì lè sọ̀rọ̀ tó já gaara. Ẹ ò rántí pé eré àtijọ́ ni wọ́n ń gbé jáde nígbà yẹn? Ìgbà tó padà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀pá."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n Lois ní òun rí i."

Ó gba ìdì lọ́wọ́ mi, ó tú okùn òwú. Bí ó ṣe ṣí aṣọ funfun, káńfọ̀ bíi mẹ́ta yí bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Wọ́n ti kéré, ṣùgbọ́n káńfọ̀ ni wọ́n. Èmi kò fi káńfọ̀ sí i. Ìwé kan wà láàárín aṣọ náà, tí wọ́n fi tẹ́ inú ẹ̀. Naomi fà á jáde, ó kà á. Ìwé ètò ìsìn Ìkórè ni, ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kábbà. Ó bi mí pé, "Ẹ ní 2004 lẹ fi aṣọ yìí pamọ́? Ìkórè 2019 ló wà nínú ìwé yìí."

Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Orúkọ Lois wà nínú ẹ̀, òun ló ka ẹ̀kọ́ Bíbélì kejì lọ́jọ́ náà. Ìkórè tó ṣe kẹ́yìn nìyẹn, àti ọyẹ́ tó rí kẹ́yìn.

Ó ti mọ̀. Yé, Lois ti mọ̀! Bóyá láti ọyẹ́ àkọ́kọ́ pàápàá. Lọ́dọọdún tí ó ń lé mi lọ wo iṣu, ó ń gun àga, ó ń gbé àwọn fáìlì mi sọ̀, ó ń tú aṣọ tí ọkọ ẹ̀ ní òun ti fún ẹlòmíràn, ó ń sá a, ó ń pààrọ̀ káńfọ̀ ẹ̀ kí ó má bàa kú, ó ń dì í padà, ó ń so okùn ẹ̀, ó sì ń to àwọn fáìlì bí mo ṣe tò wọ́n. Mo á wá dé nírọ̀lẹ́, mo á máa ráhùn òórùn. Á bu oúnjẹ fún mi.

Kò pàdé Bàbá Géètì kankan lọ́dún 2011. Ó pa irọ́ yẹn kí èmi lè rí àyè sọ pé, "Rárá o, Ìyá Andrew, aṣọ náà wà lókè níbẹ̀." Ó ṣí géètì sílẹ̀, ó dúró tì í, ó ń wò mí láìṣẹ́jú. Èmi ń yí ohùn tẹlifíṣàn sókè. Gbogbo ìgbà tó ń ní, "Kò tíì wọ̀ ọ́ o, Bàbá Andrew," èmi ló ń bá wí, mo rò pé òṣèré ni. Inú pálọ̀ kan náà la wà, a fẹ̀gbẹ́ kan ara wa, ó sì dá wà tó bí mo ṣe dá wà lónìí. Èmi ni mo fà á fún un.

Mo sunkún níwájú ọmọ olókùú. Òun ni mo wá kí, òun ló wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Nígbà tí mo dákẹ́, ó dìde, ó ní, "Wọn ò tíì pa pósí dé. Ẹ jẹ́ ká lọ." Ó mú mi gba ẹ̀yìn wọlé. Bàbá Géètì sùn nínú aṣọ funfun, ó kéré sí ẹni tó ń wọ inú pálọ̀ mi. Naomi tẹ́ aṣọ náà, aláró dúdú pẹ̀lú fọ́nrán pupa, ó fi bò ó láti ìbàdí dé ẹsẹ̀. Aṣọ náà ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n gé e kúrò lórí òfì. Mo ní, "Ó bá a mu." Àwọn tó wà níbẹ̀ yíjú wò mí. Mo tún un sọ. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún ẹni tó hun ún.

Naomi fi ìwé Ìkórè náà lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú káńfọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo gbé wọn wálé.

Àná ni Ọjọ́bọ̀. Wọ́n tún àwọn eré àtijọ́ gbé jáde nítorí olóògbé. Mo jókòó láago méje. Ó yọ, ó ṣí géètì, ó ní, "Okun o." Mo dìde, mo pa tẹlifíṣàn. Mo yí àga mi padà kí ó kọjú sí àga Lois, mo fi ìwé Ìkórè náà lélẹ̀ lórí ẹ̀.

Mo ní, "Lois, mi ò fún un o. Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Owú ló jẹ mí. Jọ̀ọ́, má bínú."

Mo jókòó, mo ń dúró. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni òun fi dúró dè mí nínú àga yẹn.